Nígbà Tí Afẹ́fẹ́ Kò Fẹ́

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún kan, ìjà kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí mò ń gbé ní Agége. Ilé oníyàrá tó kojú síra wọn ni, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fẹ́ẹ̀sì-mí-áì-fẹ́ẹ̀sì-yù. Èmi ní yàrá kan lápá òsì. Ìyá Ẹlẹ́ja ní yàrá méjì lápá ọ̀tún, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé wọn gan-an, ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ mi sí. Kékeré yẹn ni o, èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni ààrò tí Ìyá Ẹlẹ́ja fi ń yan ẹja wà. Ọdún méjì la ti jọ ń gbé bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ ọdún náà dé. Ọyẹ́ yẹn le. Láàárọ̀, èèyàn kò ní rí ilé tó wà ní ìparí òpópó wa. Ètè gbogbo wa là, imú gbẹ, aṣọ tí a bá sá síta a kún fún eruku. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, àyà rẹ̀ ń hàn bí ẹni pé nǹkan ń súfèé níbẹ̀. Aago méjì òru ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó padà wálé lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ẹnu ọ̀nà mi ló gbà wá.

"Ìwọ ọmọ yìí, jẹnẹrétọ̀ rẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n èéfín ẹja tiyín ńkọ́? Ṣé lọ́fínńdà nìyẹn ni?"

Ẹnu mi yá ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Ó dáhùn, mo fèsì, àwọn ará ilé tú jáde. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló wá pa iná ìjà náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú yín. Ọyẹ́ ni. Ṣé ẹ ò rí bí ojú ọjọ́ ṣe rí ni? Bí ọyẹ́ bá ti kọjá, ara ọmọ á yá."

Gbogbo wa gbà. Ìyá Ẹlẹ́ja gbà, èmi náà gbà, àwọn tó ń wòran gbà, kálukú wọlé. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo tan jẹnẹrétọ̀ mi. Ní ìdájí, Ìyá Ẹlẹ́ja dáná sábẹ́ ẹja rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bó ṣe rọrùn tó fún wa láti gbà á. A rí ẹni tí a lè dá lẹ́bi, tí kò sì lè wá jẹ́jọ́. Ọyẹ́ kò ní ẹnu tó máa fi sọ tirẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé: ṣé ojú ọjọ́ lè jẹ̀bi? Bí kò bá lè jẹ̀bi, kí ló ń ṣe gan-an tó fi ń dà bí ẹni pé òun ló ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ojú ọjọ́ ń ṣe, ká má baà purọ́ mọ́ ọn. Lójúmọmọ, oòrùn a mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ a mú afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí a sì máa gòkè nítorí pé ó fúyẹ́. Bó ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé èéfín wa dání: èéfín dánfó, ti jẹnẹrétọ̀, ti ààtàn tó ń jó, ti ààrò. A tú u ká sínú òfurufú tó gbòòrò, a sì di ohun tí imú kò fura sí mọ́. Bó bá di alẹ́, pàápàá nígbà tí kò bá sí ìkùukùu lójú ọ̀run, ilẹ̀ a máa tutù kíákíá. Afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ a tutù, a wúwo, kò ní lè gòkè. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ló máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá dà bí ìgbà tí a bá fi ọmọrí dé ìkòkò. Ohunkóhun tí a bá tú sínú ìkòkò yẹn, inú rẹ̀ ni yóò wà títí oòrùn ọjọ́ kejì á fi ṣí ọmọrí náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọrí yìí máa ń le jù lọ́dọ̀ wa. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Bélú títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ wá láti apá àríwá-ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ ló ti agbègbè kan wá tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Òjò a wọ́n, òru a tutù. Eruku ń bọ́ látòkè, èéfín ń rú látìsàlẹ̀, ọmọrí sì wà lórí ìkòkò.

Ìgbà òjò yàtọ̀. Òjò a máa fọ afẹ́fẹ́ bí ẹni fọ aṣọ. A kó eruku àti èéfín mọ́ra bó ṣe ń rọ̀, a dà wọ́n sílẹ̀, sínú gọ́tà. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkun bọ̀ náà a máa gbá èéfín Èkó lọ sí ọ̀nà oko. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yẹn fi sùn dáadáa ní oṣù Agẹmọ, tó sì dèrò ilé ìwòsàn ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Jẹnẹrétọ̀ kan náà ni. Epo kan náà ni. Aago méje sí aago mọ́kànlá alẹ́ kan náà ni.

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Lórí ọ̀rọ̀ èéfín, òdìkejì rẹ̀ ló rí. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ni ìdí adìẹ wà ní bíbò. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ tí kò fẹ́, ọjọ́ náà la máa tó rí ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èèyàn méjì ló wà. Àwọn méjèèjì ní irú jẹnẹrétọ̀ kan náà, wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé aládùúgbò, wọ́n ń tàn án fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́. Ọ̀kan ń gbé ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ yẹ̀ẹ̀, kò sọ́mọ tó húkọ́. Èkejì ń gbé ibi tí ilé ti há mọ́ra, ọyẹ́ mú, ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ta ló jẹ̀bi? Ẹnu wa á yára sọ pé ẹnì kejì ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnì kejì ṣe tí ẹni àkọ́kọ́ kò ṣe? Kò sí nǹkan kan. Ojú ọjọ́ ló gbe ọ̀kan, tó tú èkejì fó. Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó máa ń ro ìjìnlẹ̀ lórí ìwà ẹ̀dá, Bernard Williams ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Thomas Nagel ará Amẹ́ríkà, fa irú ọ̀rọ̀ yìí yọ: bó ṣe jẹ́ pé ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa ló sábà máa ń sọ bí wọn yóò ṣe dá wa lẹ́bi tó. Àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. A máa ń sọ pé orí ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí yọ kò tíì di aláìlẹ́ṣẹ̀. Ó kàn jẹ́ ẹni tí wọn kò tíì mú ni.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù wa kọ́ ló kọ́kọ́ dá irú ẹjọ́ yẹn. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà létí odò Monongahela tó ń jẹ́ Donora. Àárín òkè ló wà, ilé-iṣẹ́ irin àti ti zinc sì wà níbẹ̀ tí èéfín wọn kì í dá. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1948, ọmọrí tí mo sọ yẹn dé ìlú náà fún bí ọjọ́ márùn-ún. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ogún èèyàn kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ṣàìsàn nínú nǹkan bí 14,000 tó ń gbé níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ zinc dáwọ́ dúró láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ mọ́, lọ́jọ́ kejì wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ará ìlú pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ojú ọjọ́ abàmì ló fà á. Ẹ ò rí i pé ìdájọ́ ilé wa ní Agége náà nìyẹn, àfi pé tiwọn ní lọ́yà.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló wá yà mí lẹ́nu jù. Láti ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1952, afẹ́fẹ́ dúró sójú kan lórí ìlú náà. Òtútù mú, nítorí náà kálukú ń kó èédú sí iná sí i kí ilé lè móoru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ìyẹn: ojú ọjọ́ kan náà tó ń dé ọmọrí ló tún ń tì wọ́n láti rú èéfín púpọ̀ sí i. Àwa náà ń ṣe é. Nígbà ooru, bí ilé bá ti gbóná tí kò síná, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ló máa ń ké. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ìkà kankan láàárín wọn. Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ móoru ló dáná, bẹ́ẹ̀ ni iná tó dá ń pa arúgbó ilé kejì. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kà jẹ́ nǹkan bí 4,000 òkú. Àwọn olùwádìí ìgbà tó yá ní ó tó 12,000. Nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953, ìjọba ní àìsàn influenza ló pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, wọ́n ṣe òfin lórí afẹ́fẹ́ mímọ́. Òfin yẹn kò bá afẹ́fẹ́ wí pé kó máa fẹ́. Èédú ló bá wí. Wọ́n ya àdúgbò sọ́tọ̀ tí èéfín kò gbọ́dọ̀ ti rú níbẹ̀, ìjọba sì bá àwọn onílé san púpọ̀ nínú owó tí wọ́n fi pààrọ̀ ibi ìdáná wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1962, irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún dé. Àwọn èèyàn tún kú, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó ti ìṣáájú rárá. Títí di òní, afẹ́fẹ́ ṣì máa ń dúró sójú kan lórí Lọ́ńdọ̀nù lásìkò òtútù, kò sì pa wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀run kò yí padà. Ohun tí wọ́n ń rú sókè ló yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń bi mí pé ta ló jẹ̀bi láàárín ọyẹ́ àti èéfín, ẹ̀rí tí mo ní nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ṣé àwa la dá Sàhárà ni? Òótọ́ ni. Eruku wà kí jẹnẹrétọ̀ tó wà; àwọn baba ńlá wa fi ètè lílà ṣe ọyẹ́, wọ́n fi òrí pa á. Apá kan wà nínú ohun tó ń wọ àyà ọmọ yẹn tí kì í ṣe tèmi, tí kì í sì í ṣe ti Ìyá Ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò dá mi láre. Ó tún dá kún ẹrù mi ni. Bí ẹrù bá ti wọ ọmọdé lọ́rùn, tí mo rí i, tí mo tún wá gbé tèmi lé e, ṣé mo lè sọ pé ẹrù àkọ́kọ́ ló ṣẹ́ ẹ lọ́rùn? Nítorí pé ọyẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú eruku tirẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí tèmi dín kù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọyẹ́ kì í ṣe àlejò òjijì. Àwọn ará Donora lè sọ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Àwa ńkọ́? Ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́dọọdún, a mọ oṣù tó ń dé, a mọ oṣù tó ń lọ. Àjọ NiMet máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, nítorí pé bí eruku bá bo ojú ọ̀run, ọkọ̀ òfurufú kò ní lè fò. A ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ òfurufú. Ta ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé ọmọ ọlọ́mọ? Báǹkì Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ àìmọ́ pa nǹkan bí 11,200 èèyàn ní Èkó ní ọdún 2018 nìkan, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ oṣù tó pa wọ́n.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun sì ni Ìyá Ẹlẹ́ja sọ fún mi fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí inú wa ti rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mi ò bá yan ẹja, kí ni ọmọ yìí máa jẹ? Owó tí mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, owó ẹja ni." Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Èmi náà, kì í ṣe fàájì ni mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é, iná ìjọba kò sì ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí iná kì í lọ, kò yẹ kó jókòó síbẹ̀ máa pè wá ní apààyàn.

Àmọ́ ẹ̀bi àti ojúṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀bi ń bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó máa nà. Ojúṣe ń wo iwájú, ó ń bi wá pé kí ló kù tí a lè ṣe. Èèyàn lè má lẹ́bi púpọ̀, kó sì ní ojúṣe tó wúwo. Ìjọba tó yẹ kó pèsè iná ní tirẹ̀, ó sì pọ̀ ju tèmi àti ti Ìyá Ẹlẹ́ja lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ti owó tí wọ́n bá àwọn onílé san ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò ní kí òtútù máa pa tálákà kí afẹ́fẹ́ lè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọba kò bá tíì ṣe tirẹ̀, mo ṣì ní tèmi. Ohun tó burú nínú ìdájọ́ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kò ju pé ó pa ìbéèrè ojúṣe pọ̀ mọ́ ti ẹ̀bi, ó sì gbé méjèèjì fún ọyẹ́ gbé lọ.

Òwe kan wà tí mo máa ń rántí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní tiwa, èmi ni mò ń fún ará ilé mi ní kòkòrò jẹ, òun náà ń fún mi, a jọ ń gbọ́ hẹ̀rẹ̀-huru ọmọ lóru, a sì ń sọ pé òtútù ló mú un.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì ku díẹ̀ kó dé, mo ra wáyà gígùn, mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi lọ sí ìkángun ọgbà, níbi tí kò ti sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Mo ń ṣe iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ iná lọ́sàn-án, mo sì ń pa á kí alẹ́ tó lẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja náà kúrò nídìí yíyan ẹja ní ìdájí, ó sún un sí ọ̀sán, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ṣí ọmọrí ìkòkò. Ó ní igi tó gbẹ dáadáa lòun ń rà báyìí, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò pọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.

N kò ní tàn yín. Ọmọ náà ṣì ń húkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èéfín ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, ibì kan náà ló ń lọ. Bóyá ọmọ ẹlòmíì ló ń fi imú gbà á níwájú. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í pe ohun tí a ṣe yẹn ní ìdáláre. Àtúnṣe díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yí nǹkan kan padà nínú mi. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀ tí afẹ́fẹ́ mọ́, mo máa ń rò pé kò sí nǹkan kan tí mo ṣe. Nísinsìnyí, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá mọ́ jù ni mo máa ń bi ara mi pé, bó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa bá mi gbé èyí lọ lónìí, ṣé mo ṣì máa tan án?

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ṣì ń sọ pé ọyẹ́ ni. A kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí wọ́n má jó pàǹtírí ilé lálẹ́ mọ́, àfi kí wọ́n kó o fún àwọn akólẹ̀. A bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Nítorí ọyẹ́ ni."